Òwúrọ̀ Kùtùkùtù Nínú Ọgbà Ewéko Aṣálẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ dún bí àwàdà létí ẹni tó há sínú dánfó láti Ìyànà Ìpájà, tí kọ̀ńdọ́ sì ń pariwo ṣéńjì lé e lórí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ó yẹ kí àdúgbò Ọgbà, níhìn-ín láàárín Ìkẹjà àti Agége, ní ọgbà ewéko aṣálẹ̀ kan. Kékeré ni mo wí, kì í ṣe èyí tí wọ́n á fi owó ìlú kọ́ kí wọ́n lè gé rìbọ́ọ̀nù. Mo sì fẹ́ kí géètì rẹ̀ máa ṣí ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, kí wọ́n tì í nígbà tí oòrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Nínú nǹkan méjèèjì yìí, àsìkò ṣíṣí ni mo kà sí pàtàkì jù. Ọgbà tó kún fún igi ńlá, ẹ lè wọ̀ ọ́ nígbàkúùgbà. Igi á wà níbẹ̀, ibòòji á wà níbẹ̀. Ti aṣálẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án gangan, àwọn ewéko ibẹ̀ ti parí iṣẹ́ kó tó dé, wọ́n ti tìlẹ̀kùn mọ́rí, yóò sì padà sílé pẹ̀lú èrò pé ẹ̀gún àti òkúta lásán ni òun lọ wò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí irú ọgbà bẹ́ẹ̀ wà ní ti gidi. Ní ìlú Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọgbà kan wà tó ń jẹ́ Desert Botanical Garden. Ọdún 1939 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Gustaf Starck, onímọ̀ ewéko tó wá láti Sweden, àti Gertrude Webster, obìnrin olówó kan tó fẹ́ràn ewéko aṣálẹ̀, wà lára àwọn tó kó ènìyàn jọ fún un. Nígbà yẹn, àwọn tó ń gbé Phoenix kò ju nǹkan bí 65,000 lọ. Lónìí wọ́n ti ju mílíọ̀nù kan àbọ̀ lọ, ohun ọ̀gbìn inú ọgbà náà sì lé ní 50,000. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ooru ọ̀sán ibẹ̀ máa ń kọjá dígíríì 40. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ ibẹ̀ fi ń lọ ní kùtùkùtù, tí àwọn aláṣẹ ọgbà náà sì ní àwọn ọjọ́ tí wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ wọn wọlé ṣáájú àwọn yòókù. Àwọn kan á ní kí oòrùn má baà pa wọ́n ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò tíì pé. Ẹ wo saguaro, ọ̀pá ẹlẹ́gùn-ún ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Arizona, tó lè ga ju mítà 12 lọ, tó sì lè lo ju 150 ọdún láyé. Òru ni òdòdó rẹ̀ ń là. Àdán a máa wá mu omi dídùn inú rẹ̀ lóru, ẹyẹ àti oyin a máa bá a láàárọ̀. Nígbà tí ọ̀sán bá fi pọ́n, òdòdó yẹn á padé, kò sì ní là mọ́ láé. Ẹni tó jẹun ọ̀sán kó tó wá, kò bá nǹkan kan.

Iṣẹ́ òru wo ni ewéko wá ń ṣe? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Gbogbo ewé ló ní ihò tíntìntín lára, èyí tí ojú lásán kò lè rí. Ihò yìí ni wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sínú, tí wọ́n sì ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti sọ ọ́ di oúnjẹ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí ihò bá ti ṣí, omi inú ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àgbàdo, gbágùúdá àti mángòrò ń ṣí tiwọn lọ́sàn-án, nítorí omi wà nílẹ̀ tí gbòǹgbò lè fà rọ́pò èyí tó ń lọ. Ní aṣálẹ̀, ewéko tó bá dán irú rẹ̀ wò kò ní rí ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń pa ihò dé lójúmọmọ, tí wọ́n ń ṣí i lóru nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Wọ́n á fa afẹ́fẹ́ náà sínú, wọ́n á sọ ọ́ di omi kíkan, wọ́n á kó o pamọ́ sára. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tìlẹ̀kùn, wọ́n á sì máa lo èyí tí wọ́n kó pamọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ìyá olóúnjẹ tó ti ra ọjà ní Mile 12 kí ilẹ̀ tó mọ́, tí kò tún ní jáde mọ́ títí yóò fi sè é tán. Kíkan yẹn máa ń pọ̀ jù lára ewé ní ìdájí, á sì máa dín kù títí di ìrọ̀lẹ́.

Kì í ṣe inú yàrá ìwádìí nìkan ni ènìyàn ti mọ èyí, ẹnu náà ni wọ́n fi tọ́ ọ wò. Ní 1813, Benjamin Heyne, ọmọ Jámánì kan tó ń ṣiṣẹ́ ewéko àti ìṣègùn ní Íńdíà, kọ lẹ́tà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ewé kan wà tó máa ń kan gan-an láàárọ̀, tí kì í ní adùn kankan lọ́sàn-án, tó sì máa ń korò díẹ̀ bí ọjọ́ bá rọ̀. Ewé yẹn ni àbámọdá. Mo tún un wí: àbámọdá, èyí tó ń hù lẹ́bàá ògiri wa, tí ewé rẹ̀ bá bọ́ sílẹ̀, tí yóò yọ ọmọ létí yípo. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sì fẹ́ fún ọgbọ́n òru yìí lórúkọ, orúkọ ìdílé tí àbámọdá àti ọ̀dúndún ti wá, Crassulaceae, ni wọ́n fi pè é. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa já ewé jẹ kiri láti mọ̀ bóyá irọ́ ni. Àwọn ẹbí àbámọdá ti pa màlúù ní Australia. Ohun tí mo ń fà yọ ni pé àkókò wà lára ìmọ̀ yìí. Ọmọ ilé ìwé tí wọ́n bá mú lọ wo ewé yẹn ní agogo kan ọ̀sán, ewé ló rí. Èyí tó bá dé ní agogo mẹ́fà àbọ̀ pẹ̀lú olùkọ́ tó ní bébà litmus lọ́wọ́, á rí i pé omi ewé náà yí àwọ̀ bébà padà, á tún wọ̀n ọ́n nígbà tí wọ́n bá padà lọ́sàn-án, kò sì ní sí ẹni tó máa bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà pé òru ni ewé yẹn ti ń ṣiṣẹ́.

Àbájáde èyí fún wa ní Ọgbà kò kéré. Ewéko tó ní ọgbọ́n aṣálẹ̀ kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ọ̀dúndún wà lára àwọn ewé ìtutù tí wọ́n ń lò nígbà tí ọba bá ń gorí ìtẹ́, ìtutù tí a sì mọ̀ mọ́ ọn kò ṣẹ̀yìn omi tó kó jọ sínú ewé rẹ̀ tó ki. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọ́n ń bẹ sínú náílọ́ọ̀nù lẹ́bàá ọ̀nà, òru ni òun náà ń fa afẹ́fẹ́. Ewé gígùn ṣóńṣó tí àwọn olóòdòdó ń tà ní snake plant, tí ọ́fíìsì gbogbo ń gbé sẹ́nu ọ̀nà bí ohun òkèèrè, Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín ni ilé rẹ̀. Kátọ́ọ̀sì ni àlejò. Gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ láyé, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Ọ̀kan ṣoṣo, Rhipsalis baccifera, tó máa ń so rọ̀ lórí igi nínú igbó, ló dé Áfíríkà láìjẹ́ pé ènìyàn gbé e wá. Nítorí náà, ohun ẹlẹ́gùn-ún tó dúró gbagidi lẹ́yìn ilé àwọn àgbà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ewéko tí à ń pè ní oró. Ẹ gé e díẹ̀: bí ó bá sun omi funfun bíi wàrà, oró ni, nítorí ọ̀pọ̀ kátọ́ọ̀sì kò ní wàrà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ojú yín, wàrà oró lè ṣe ojú ní jàǹbá ńlá. Oró àti kátọ́ọ̀sì kò bára wọn tan rárá, ọ̀gbẹlẹ̀ ló mú kí wọ́n jọra tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbìn wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú ọgbà kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá á rí ohun tí ìwé ńlá ń fi orí kan gbáko ṣàlàyé.

Wọ́n á sọ pé òjò ló ń yọ wá lẹ́nu ní Èkó, kì í ṣe ọ̀gbẹlẹ̀. Phoenix kì í rí òjò ju nǹkan bí 200 mílímítà lọ́dún. Ìkẹjà ń rí nǹkan bí 1,500. Kí la fẹ́ fi ewéko aṣálẹ̀ ṣe níbi tí omi ti ń wọlé bá ènìyàn lórí bẹ́ẹ̀dì? Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n iye òjò tó rọ̀ kọ́ ni ewéko ń mu, èyí tó wọlẹ̀ tó sì dúró níbẹ̀ ni. Ẹ gba Òpópónà Acme lọ sí Wempco, kí ẹ máa wo ilẹ̀: kọnkéré, ọ̀dà, ìtẹ́lẹ̀ ìńtálọ́ọ̀kì, páànù ilé iṣẹ́. Òjò tó bá rọ̀ síbẹ̀, gọ́tà ló ni ín. Láti oṣù Kejìlá wọ oṣù Kẹta, tí òjò bá ti lọ, tí ọyẹ́ bá sì fẹ́, òdòdó inú ìkòkò lórí fáráńdà àjà kejì, tí ẹni tó ni ín ti jáde nílé ní agogo márùn-ún ìdájí tí kò ní wọlé títí di agogo mẹ́sàn-án alẹ́, inú aṣálẹ̀ ló wà, ohun yòówù kí ìwé ojú ọjọ́ máa sọ. Èyí tó wà láàárín títì náà, omi táńkà ló ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ dúró. Lóòótọ́, òjò oṣù Kẹfà á mú kí gbòǹgbò kátọ́ọ̀sì rà bí ó bá dúró nínú ẹrẹ̀. Kí wọ́n gbé ebè rẹ̀ ga, kí wọ́n fi yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ lú u, kí wọ́n fi ike tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bo èyí tó bá jẹ́ ẹlẹgẹ́ lórí. Ní ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí òtútù ti pọ̀, ilé gíláàsì ńlá ni wọ́n kọ́ nítorí àwọn ewéko yìí. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀ ná wa lówó.

Ìdí tó le jù fún ọgbà yìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Phoenix ní 2023 ló gbé e jáde. Fún ọjọ́ 31 léraléra, láti òpin oṣù Kẹfà wọ òpin oṣù Keje, ooru ibẹ̀ kò sọ̀kalẹ̀ ju dígíríì 43 lọ lọ́sàn-án. Àwọn saguaro tó ti dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í ju apá, òmíràn wó lulẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ inú Desert Botanical Garden kò dá ọ̀sán nìkan lẹ́bi, nítorí saguaro mọ ọ̀sán gbígbóná fara dà. Wọ́n nawọ́ sí òru. Ọ̀pọ̀ òru ni ooru kò wálẹ̀ kọjá dígíríì 32, ewéko tó sì jẹ́ pé òru nìkan ló fi ń ṣí ihò rẹ̀ kò rí àyè mí. Kí ló ń mú òru ìlú gbóná? Ọ̀dà, kọnkéré àti bíríkì tó mu oòrùn ní gbogbo ọjọ́, tí wọ́n wá ń tú u jáde lóru, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù tó ń ti ooru inú ilé síta. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Àgùdà, Ìfàkọ̀ tàbí ẹ̀yìn Ọjà Sunday, ẹ mọ òru tí mò ń wí. Ẹ mọ òru tí iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń tú èéfín, tí ògiri yàrá ṣì gbóná nígbà tí wọ́n pe ìrun àsùbáà. Ọ̀sán là ń ráhùn sí, ṣùgbọ́n òru tí kò tutù ló ń kó àárẹ̀ bá ọmọdé àti arúgbó. Ọgbà tí àwọn ewéko rẹ̀ ń fi òru ṣiṣẹ́, tí a sì ń yẹ̀ wò ní ìdájí, á jẹ́ kí a mọ bí òru wa ṣe rí. Bí a bá fi òṣùwọ̀n ooru kan sí ibẹ̀, tí ọmọ ilé ìwé ń kọ ohun tó kà sílẹ̀ ní agogo mẹ́fà lójoojúmọ́, láàárín ọdún díẹ̀, Ọgbà á ní àkọsílẹ̀ òru tirẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn kan á ní ilé iṣẹ́ ni Ọgbà mọ̀, kò mọ ọ̀gbìn. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ní 1887, Gómìnà Alfred Moloney dá ọgbà ìwádìí ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Ebúté Mẹ́tà. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn tí àwọn oníṣòwò Èkó kan tí ọjà kò fi bẹ́ẹ̀ tà fún mọ́ fi kọjú sí oko ní ìhà Agége. J. K. Coker, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó dá ìjọ African Church sílẹ̀ ní 1901, ní oko kòkó ńlá ní Ìfàkọ̀, tó fẹ̀gbẹ́ kan Ọgbà. Ní 1907, wọ́n dá Agege Planters' Union sílẹ̀. Àwọn tó wá ṣe lébìrà nínú oko wọ̀nyí láti ìlú òkè, bí wọ́n ti ń padà sílé, wọ́n ń kó ìmọ̀ kòkó lọ. Gbàǹja Agége wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ilẹ̀ Hausa. Ilé iṣẹ́ ló dé kẹ́yìn: ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ló la ibùdó ilé iṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀, Guinness sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní 1962. Ilé ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn tí kò ní pátákó ni agbègbè yìí kí ó tó di ibi tí fèrè ilé iṣẹ́ ti ń dún.

Ẹni tó bá ní kí a ṣọ́ra fún ewéko àjèjì, òun ni mo gbà gbọ́ jù nínú gbogbo alátakò. Kátọ́ọ̀sì eléwé pẹrẹsẹ tí wọ́n ń pè ní Opuntia gba nǹkan bí mílíọ̀nù 24 hẹ́kítà ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Australia ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àfi ìgbà tí wọ́n kó kòkòrò kan wá láti Argentina ní 1925, tí ìdin rẹ̀ jẹ ẹ́ run. Àwa náà mọ ohun tí ewéko orí omi elódòdó àlùkò ṣe fún àwọn apẹja ọ̀sà Èkó láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà, kí wọ́n má gbin Opuntia sílẹ̀ gbalasa níbẹ̀. Kí oró, ọ̀dúndún, àlóè àti àwọn ti ilẹ̀ Áfíríkà gba ààyè tó pọ̀ jù, kí kátọ́ọ̀sì díẹ̀ wà nínú ìkòkò fún ìfiwéra, kí wọ́n sì kọ orúkọ Yorùbá sára pátákó kọ̀ọ̀kan kí ti Látìn tó tẹ̀lé e.

Àwọn mìíràn á tún bèèrè pé ilẹ̀ dà, ààbò ńkọ́, ebi ńkọ́? Ilẹ̀ tí mò ń sọ kò ju ibi tí ọkọ̀ mẹ́wàá lè dúró sí lọ. Ó wà nínú ọgbà ilé ìwé, ó wà níwájú ilé iṣẹ́ tí koríko ti hù bo. Ní ti ààbò, agogo mẹ́fà kì í ṣe òru ní Ọgbà: àwọn tó ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé iṣẹ́ ń jáde, oníbúrẹ́dì ti na igbá, ọkọ̀ ti kún. Ibi tí ẹsẹ̀ pọ̀ sí báyìí rọrùn láti ṣọ́ ju ibi tó dá páropáro lọ́sàn-án lọ. Ní ti ebi, mi ò ní purọ́ pé kátọ́ọ̀sì á bọ́ Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Mexico ń fi ewé Opuntia se ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti màlúù tí à ń jẹ, apá òkè Àríwá ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, níbi tí aṣálẹ̀ ti ń yọ́ bọ̀. Ẹni tó ń jẹ nínú ilẹ̀ gbígbẹ kò yẹ kó má mọ bí ohun ọ̀gbìn ṣe ń yè níbẹ̀.

Mo wá ń bẹ ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ onílé, ẹ̀yin ilé iṣẹ́ tó wà ní Ọgbà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàkóso igi àti òdòdó fún Ìpínlẹ̀ Èkó: kí ẹnì kan nínú yín yọ̀ǹda igun ilẹ̀ kan lọ́dún yìí. Ẹ̀ka àbámọdá àti ti oró kì í wọ́n, àwọn olóòdòdó ẹ̀bá ọ̀nà á sì ta ìyókù fún yín. Òjò á dá ní oṣù Kọkànlá, gbòǹgbò sì gbọ́dọ̀ ti mú kí ọyẹ́ tó dé, nítorí náà, ẹ gbìn wọ́n ní oṣù Kẹwàá, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ géètì lé ẹni tó máa ń tètè jí lọ́wọ́.